Ojú Ìwé Kan Kò Lè Gba Ilé Onípákó

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nínú iṣẹ́ ogun ni bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo ti kọ́ nípa ogun tí àwọn baba wa jà láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé títí dé ìgbà tí òyìnbó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kò sì sí ibi tí mo ti kà á pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun nítorí pé ó mọ bẹ́ẹ̀dì í tẹ́. Ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì wa gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọrùn rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rọ tí ń la pákó. Láràárọ̀ ni yóò wọlé, yóò wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ti fi ọwọ́ nà títí tí kò fi hunjọ níbì kankan, yóò sì fà á jù sílẹ̀.

"Ní ìlú tìẹ," yóò wí, "ṣé orí ilẹ̀ lẹ ń sùn ni?"

Orí ẹní ni bàbá mi sùn títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ kó ìbọn wá bá a. Ìyẹn ni ìdáhùn tó máa ń wà lẹ́nu mi. Èyí tó máa ń jáde ni, "Rárá, sà." A kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ó wà lápá ibi tí òtútù ń gbé, ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jagun, àwọn méjèèjì sì ń pariwo pé ilẹ̀ baba àwọn ni. Ẹni tó bá ti gbé Ẹdẹ rí, tó ti rí bí ìdílé méjì ṣe ń fa ara wọn ní ṣòkòtò lórí ilẹ̀ tí kò tó gbin ẹ̀gẹ́ sí, kò nílò àlàyé mìíràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn ní orin ìyìn.

Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ má bi mí. Àwọn tó gbé mi débẹ̀ gan-an kò bìkítà láti sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi buwọ́ lùwé, mo sì mọ ohun tí mo buwọ́ lù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní wọ́n tan àwọn máa sọ tiwọn. Tèmi, ojú mi là kedere nígbà tí mo ń ṣe gọ̀ǹgọ̀ṣú.

Ìdí tí mo fi lọ kò ju ẹyọ kan lọ. Mọríámọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Mọríámọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí géètì pólì, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń ṣe fótókópì. Nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọgbà rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà "Àgbáyé" wà nínú orúkọ ọ̀hún, ilé ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó dá a sílẹ̀ máa ń wọ ẹ̀wù ìgboyè wá síbi ìpàdé àwọn òbí, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti gboyè. Mo gbé ìbéèrè ìdánwò lọ tẹ̀ lọ́dọ̀ Mọríámọ̀. Ó kà á, ó gbójú sókè.

"Tíṣà, ìbéèrè yín kẹta yìí, ṣé ẹ̀yin alára lè dáhùn ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ dáhùn ẹ̀ kí n gbọ́."

N kò lè dáhùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ ìwé tí n kò nílò.

Pákó ni bàbá rẹ̀ ń tà. Àlàájì Onípákó ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó sì gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní, "ìwé tóo kà sì pọ̀. Àmọ́ ìwé kì í ṣe pákó. A ò lè fi kanlé." Ó rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara rẹ̀ títí tó fi húkọ́. Ìyàwó mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀. Ìyá tó bí Mọríámọ̀ ni èkejì, ṣùgbọ́n Ìyá Alájue, ìyáálé, ni ó pọ̀n ọ́n dàgbà. Alájue, oko tí wọ́n ti wá, ni wọ́n fi ń pe ìyá náà. Kì í pariwo. Àlàájì ló ń pariwo níta. Ọ̀dọ̀ Ìyá Alájue ni yóò ti lọ béèrè ohun tí òun ní lọ́kàn.

Báyìí ni mo ṣe lọ wá owó tó ṣeé fi kanlé, tí mo sì di sójà. Nígbà tí àwòrán mi nínú aṣọ ogun dé Ẹdẹ, ọkùnrin tó ní ìwé kò ṣeé kanlé yìí kan náà ló gbé e lọ ṣe bánà. Wọ́n kọ "Akọni Ọmọ Ẹdẹ" sí i, wọ́n gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀ pákó ní Òkè Gádà. Gbogbo ẹni tó bá ti Ẹdẹ wá ni yóò sọ fún ọ pé baba ńlá òun wà lẹ́yìn Tìmì lọ́jọ́ tó ń ta ọfà iná. Èmi tí mo kọ́ Ìtàn máa ń rò ó pé bí gbogbo wọn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní tòótọ́, ta ló kù tí wọ́n dojú kọ?

Àmọ́ bánà náà ṣe iṣẹ́ kan fún mi. Àlàájì ránṣẹ́ pé òun ti gbà. Kí wọ́n tó kó wa lọ sójú ogun, wọn yóò so yìgì èmi àti Mọríámọ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yóò sì dúró fún mi. Ní tiwa, kò di dandan kí ọkọ wà níbẹ̀, bí ẹni tó rán bá wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ronú ìwé ọmọ onílẹ̀, èyí tí yóò sọ wá di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n ṣèlérí fún wa. Èmi ń ronú pé bí nǹkan bá ṣe mí, ó yẹ kí ẹnìkan wà ní Ẹdẹ tí yóò lè sọ pé "ọkọ mi," láìsí ẹni tí yóò bi í pé, "Láti ìgbà wo?"

*

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ogun kò sọ òótọ́ fún wa. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ni ogun. Bàbá mi mú ọkọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí epo igi, ó sì rán mi níwèé kí n má baà mú un. Mo gba oyè, mo wọ ọkọ̀ òfúrufú, mo kọjá òkun, mo sì dé ibi tí wọ́n ti fún mi ní ṣọ́bìrì. Òwúrọ̀, a ó gbẹ́ kòtò. Ọ̀sán, a ó sáré wọnú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, sájẹ́ǹtì yóò ní kò jìn tó. Bí òjò bá rọ̀ ní oko wa, àgbẹ̀ á dúpẹ́. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ náà tutù débi pé ó ń ta ènìyàn.

Ẹni tí a jọ ń gbẹ́ kòtò kan náà ni Táíwò, ọmọ Awo, ìlú tí a lè gun ọ̀kadà dé láti Ẹdẹ kí ẹ̀pà tí à ń jẹ tó tán lọ́wọ́. Ọkùnrin gígùn kan báyìí ni, ó máa ń da ọwọ́ sẹ́yìn bí ó bá ń rìn. Ó sọ fún gbogbo àgọ́ pé òun ti ṣe máníjà báǹkì rí ní Òṣogbo. Nígbà tó yá, mo kíyè sí i pé gbogbo ìtàn tó ń sọ nípa báǹkì náà, ẹnu géètì ló ti ń ṣẹlẹ̀.

"Táíwò," mo bi í lọ́jọ́ kan, "kí ni kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn ń ṣe lọ́wọ́ máníjà?"

"Tíṣà, ẹ̀yin olówò ìwé ò lè mọ̀. Báǹkì tuntun ni. Máníjà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀."

"Ó tún ń gbé àga fún kọ́sítọ́mà?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn." Ó ti ṣọ́bìrì bọ ẹrẹ̀. "Ìrẹ̀lẹ̀ ò sí nínú ìwé tẹ́ẹ kà."

Mo kó gbogbo wọn pọ̀, mo kẹ́gàn wọn: ọ̀gá tó ń fi bẹ́ẹ̀dì jagun, máníjà tó ń ṣọ́ géètì, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó ń béèrè bóyá kìnnìún wà ní ìlú mi, tí mo sì ń dá wọn lóhùn pé ó wà, pé òun gan-an ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀gàn dára nínú òtútù. Ó ń mú ara gbóná ju ọbẹ̀ wọn lọ, nítorí ọbẹ̀ wọn, omi tí wọ́n fi ànàmọ́ dẹ́rù bà ni.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ tí a dé. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ń tọ ipa fóònù, wọn yóò sì rán dróònù tí ń ju bọ́ǹbù sí ibi tí wọ́n bá ti rí i. A lè fi fóònù ọ́fíìsì pe ilé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé ni. Ìwọ yóò fi bírò kọ ọ́ sórí bébà bí ọmọ ayé àtijọ́, ọ̀gá kékeré kan tó ń lo jígí ojú yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí o kọ sókè.

Mo kọ ìwé mi àkọ́kọ́ sí Mọríámọ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ọ̀gá náà pè mí, ó sì pe Táíwò kó wá túmọ̀ rẹ̀. Táíwò da ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ yá orílẹ̀-èdè lówó.

"Kí ló kọ sí ojú ìwé kìíní?" ọ̀gá bi í.

"Ó ń kí wọn, sà."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ó ṣì ń kí wọn, sà."

"Ìkẹta?"

Táíwò gbé bébà náà súnmọ́ ojú. "Níbi tó dé báyìí, sà, ó ti ń kí àwọn ará ọ̀dọ̀ ìyá."

Ọ̀gá bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún. "Ta ni ẹ ń pè ní Bàbá Alágbẹ̀dẹ?"

"Aládùúgbò wọn ni, sà," èmi ni mo dáhùn.

"Kí ló dé tó o fi ń béèrè kànga rẹ̀?"

"Ó gbẹ lọ́dún tó kọjá, sà."

Ó kọ "kànga" sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rò pé ìbọn ni a ri mọ́bẹ̀. Ó tún yẹ ìwé náà wò, ó sì wo ojú mi. "O sọ fún mi pé ìwé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà dà?"

"Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin, sà."

"Sójà kan, ojú ìwé kan, fọ́tò kan," ó wí. "Lọ tún un kọ."

Mo lọ tún un kọ. Mo fi ojú ẹni tó kàwé wo gbogbo kíkí tó kún inú rẹ̀, mo rí i pé ìdọ̀tí ni. Kí ló kan ìfẹ́ kan orúkọ ogójì ènìyàn? Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀: "Bá mi kí bàbá rẹ àti ìyá rẹ àti gbogbo ará ilé." Mo fi ìyókù bébà náà sọ bí mo ṣe ń rí ojú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ fótókópì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ìwé náà dùn mọ́ mi nínú. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní ìparí. Táíwò kà á, ó ní ó dára, ó ní bí báǹkì ṣe ń kọ̀wé nìyẹn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí lẹ́rù.

*

Ọjọ́ tí ó kàn mí láti pe ilé, èmi àti Táíwò ni wọ́n jọ mú wọ ọ́fíìsì. Sájẹ́ǹtì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ápù. Mọríámọ̀ gbé fóònù, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ṣé o gbádùn?"

"Mo wà. Ìwé mi dé?"

"Ó dé. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sílé, mo kà á fún gbogbo wọn. Ta lo kí nínú ìwé yẹn?"

"Mo kí gbogbo ará ilé."

"O kí bàbá mi. O kí ìyá mi. O wá kó Ìyá Alájue mọ́ gbogbo ará ilé, àwọn àti àga àti adìẹ."

Ara mi tutù, kì í sì í ṣe ti ojú ọjọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹun nínú agbo ilé rí mọ ohun tí mo ṣe. Mo kí ìyàwó kejì, mo fo ìyáálé. Bí mo bá ti kí gbogbo ará ilé láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, wọn ìbá ní ojú ogun ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ṣùgbọ́n mo ráyè. Mo ráyè débi èkejì.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ló burú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pe Àlàájì. Wọ́n ní, 'Ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ikú tí kò rí mi kí, tó bá wá di ọkọ tán, ṣé yóò mọ̀ pé mo wà láyé?' Wọ́n ní kí wọ́n má so yìgì kankan. Àlàájì ti lọ sọ fún Lèmọ́mù pé kó dúró ná."

"Àlàájì ló ń bẹ̀rù wọn tó bẹ́ẹ̀? Akọni tó ń ṣe bánà?"

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, mò ń bínú. Ọ̀nọ́rébù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá."

Mo mọ Ọ̀nọ́rébù. Olùrànlọ́wọ́ pàtàkì sí olùrànlọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ ni. Ọ̀nọ́rébù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dìbò fún un rí, títí kan ní kíláàsì. Ìwé kò wọ orí rẹ̀, iṣẹ́ kò mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn í kí.

"Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Alájue," Mọríámọ̀ wí. "Gbalaja, pẹ̀lú agbádá. Ó béèrè àlàáfíà adìẹ wọn lánàá. Tí o bá ti kúrò níbẹ̀ lọ sójú ogun láìsí yìgì, mi ò mọ ohun tí mo máa fi dá wọn dúró. Mo ti ní mi ò fẹ́. Ta ló ń gbọ́ mi ò fẹ́?"

"Fún mi ní Ìyá Alájue kí n bẹ̀ wọ́n."

"Wọ́n wà níbí. Wọ́n ní kó o lọ bá gbogbo ará ilé sọ̀rọ̀."

Táíwò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ké sínú fóònù: "Ìyá Alájue, ẹ kú ilé o, mà! Èmi ọmọ Awo ni mò ń kí yín o! Ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa, mà!"

Mọríámọ̀ ló dáhùn pé, "Wọ́n ní kó o bá àwọn kí ọmọ Awo. Wọ́n ní ilé tó dára ni wọ́n ti tọ́ ọ."

Sájẹ́ǹtì sọ ìyókù ápù nù, ó ní àkókò tó.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Tíṣà," Táíwò ń wí bí a ṣe ń padà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ní báǹkì, kọ́sítọ́mà tí ẹ ò bá kí, báǹkì tó wà lódìkejì ló ń lọ."

*

Ìwé kan ló kù kí wọ́n tó kó wa lọ. Ojú ìwé kan.

Mo jókòó ti bébà náà títí bírò fi dì lọ́wọ́ mi. Ní Ẹdẹ mo máa ń fi àwọn kíkí yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í béèrè ohun tí o rò, bí orúnkún ṣe wà ni wọ́n ń béèrè. Ènìyàn lè lo òwúrọ̀ kan gbáko láti rin ọ̀nà tí kò gùn, nítorí pé ó kí títí. Ní àgọ́ yìí, kò sí ẹni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ á mọ́, wọn á kọjá lára rẹ bí ẹni tó kọjá lára igi. Mo ti rò pé n kò ní ṣàárò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì mo bá ara mi níbi tí mo ti ń kí ajá àgọ́. Ajá náà kò dáhùn.

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ìyá mi, Ìyá Alájue, ẹ kú ilé o, mà. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí wọn yóò kà á fún yín. Orúnkún yín tòsì ńkọ́, mà? Ẹ̀gẹ́ yín ní Alájue ńkọ́? Ṣé òyà ò tún wọ̀ ọ́? Adìẹ tó ń yé sábẹ́ àga ńkọ́? Ẹ bá mi kí Bàbá wa Àlàájì. Ẹ bá mi kí Ìyá Mọríámọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Kékeré àti ọmọ tuntun ọwọ́ wọn, Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín l'Álájue, tó fún mi níṣu sísun lọ́jọ́ òjò. Ẹ bá mi kí Lèmọ́mù. Ẹ bá mi kí Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ṣé omi ti sun nínú kànga wọn? Ẹ bá mi kí Ìyá Onígàrí, bí ẹ bá ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá tíì máa sọ̀rọ̀, ẹ má kí wọn. Ẹ bá mi kí àwọn tó ń la pákó, kí wọ́n ṣọ́ ọwọ́ wọn. Ẹ bá mi kí ayálégbé yín, tíṣà bíi tèmi, Ọlọ́run á yọ ọ́. Ẹ bá mi kí ewúrẹ́ tó jẹ fìlà mi, mo ti dárí jì í."

Ibẹ̀ ni bébà tán. Mo yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, kò sí àyè tí èèrà lè dúró sí. N kò dárúkọ Mọríámọ̀. Bí mo bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, mo ní láti pa ẹnìkan rẹ́, n kò sì tún ní pa ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú ilé yẹn mọ́.

Ọ̀gá oníjígí yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ti mọ orúkọ Mọríámọ̀ lójú báyìí. "Ọmọbìnrin náà dà?"

"Kò gbà á, sà."

Ó wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tí òtútù ti wọ̀ lọ́pọlọ. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti kọ ewúrẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

*

Nípa ojú ogun, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kòtò ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀, ọgbọ́n tí sájẹ́ǹtì kọ́ wa sì ṣòfò. Táíwò kú láìpẹ́ tí a débẹ̀, ní àárọ̀ tí ojú ọjọ́ mọ́ dáadáa. Ó da ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ pọn omi. Mo gbọ́ ìró dróònù náà kí n tó rí i. N kò rí gbólóhùn ẹ̀gàn kankan sọ nípa ìyẹn, mo sì ti wá a.

Èmi, irin wọ itan mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá kan lẹ́yìn odi ogun. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, ìlú náà ni mo wà, mò ń fi ọ̀pá rìn, mò ń dúró de ìwé tí wọn yóò fi gbà pé kí n lọ rí àwọn ènìyàn mi. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ọmọ onílẹ̀. Ọkùnrin tó mú un wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Káàbọ̀ sílé," ó sì ka orúkọ mi bí ẹni tó ń jẹ egungun. Ní ilé tó wí yìí, mo ti gbé inú ilé alájà márùn-ún fún ìgbà pípẹ́, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè pé ẹsẹ̀ mi ńkọ́. Wọ́n ń wo ọ̀pá náà, wọ́n ń wo àtẹ̀gùn, wọ́n ń kọjá. Ó yẹ kí ènìyàn tó ń wá ìlú lọ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń kí ara wọn níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn yẹn ni mo wà nígbà tí wọ́n dá fóònù mi padà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ nípa itan mi ránṣẹ́ sí Mọríámọ̀ láàárọ̀, mo sì pè é ní ọ̀sán. Ẹ̀rọ fótókópì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ mi," ó wí.

"Kí lo pè mí?"

"Kí ni kí n pè ẹ́? Tíṣà?"

"Ìgbà wo?"

"Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìwé ẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ wọ bàtà tó ń pariwo wá."

Mo rántí Jímọ̀ náà. Ní ọjọ́ tí mo gbéyàwó, inú kòtò ni mo wà, omi dé mi lórúnkún, mò ń ṣépè fún sájẹ́ǹtì.

"Mo kà á sí wọn létí," Mọríámọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo dé ibi orúnkún, wọ́n ní kí n padà sókè, kí n tún un kà. Níbi Ìyá Onígàrí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìgbà tí mo parí, wọ́n ní, 'Orúkọ tìẹ dà?' Mo ní kò sí, mà. Wọ́n ní kí n yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Mo ní fọ́tò ni, mà, kò lẹ́yìn. Wọ́n wá ní, 'Mọríámọ̀, gbogbo wa tó kí yìí, ìwọ ló ń kí.' Wọ́n bá pe Àlàájì, wọ́n ní kó lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fún Lèmọ́mù."

"Ọ̀nọ́rébù ńkọ́?"

"Ó ṣì ń wá. Omi ni wọ́n ń rán an pọn. Dúró, Ìyá Alájue wà níbí, wọ́n ń gba fóònù."

Ìyá Alájue gbé ẹnu súnmọ́ fóònù jù, mo ń gbọ́ èémí wọn.

"Àna mi, o kú ojú ogun o. O kú òtútù. O kú orí ire. Itan ńkọ́?"

"Ó ń san, mà."

"Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣé o ń jẹun? Kí ni wọ́n ń fún ẹ? Ìyẹn náà loúnjẹ? Sájẹ́ǹtì tí Mọríámọ̀ ń sọ yẹn ńkọ́, tó ń tú bẹ́ẹ̀dì?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bá mi kí wọn. Ọ̀gá tó ń kàwé ẹni ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bá mi kí wọn, wọ́n kú wàhálà. Ọmọ Awo yẹn ńkọ́? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tí kò mọ̀ mí rí tó ń kí mi?"

Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa. Kò hunjọ níbì kankan.

"Bá mi kí i gan-an o," Ìyá Alájue wí. "Ṣé o gbọ́? Sọ fún un pé mo ní kó kú ilé."

"Yóò gbọ́, mà," ni mo wí.